Sheet kì í ṣe aṣọ: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń sọ ìtàn ọ̀rọ̀ atukọ̀ òkun

Owó ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ kí n tó dé orí òkun. Ní Òṣogbo níbí, iṣẹ́ kéèyàn máa fi Yorùbá sọ ìdí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí rédíò àti nínú fídíò orí fóònù ti di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń rọ́ lù. Mi ò lè bú iṣẹ́ náà, òun ló ń san owó iná ilé mi. Bí wọ́n ṣe ń náwó sí i ló ń bí mi nínú. Wọ́n á kọ́kọ́ wá ayàwòrán, wọ́n á san owó sítúdíò, wọ́n á wá ẹni tí ohùn ẹ̀ dùn, wọ́n á tún kówó fún Facebook kí fídíò náà lè dé ọ̀dọ̀ èrò púpọ̀. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá parí tán ni wọ́n á wá fi ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó bóyá ó dáa." Kò dáa. Irọ́ ni ìtàn tó wà nínú ẹ̀. Owó sì ti lọ.

Ọ̀rọ̀ òkun ni wọ́n sì máa ń ṣì jù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti jẹun lórí omi fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó ń fa okùn nínú ọkọ̀ wọn bọ́ sílẹ̀ ní èbúté, ó wọ ìgboro, ó wọ kóòtù, ó wọ ọ́fíìsì, títí tí a ò fi mọ̀ mọ́ pé ọmọ òkun ni. Àwa tí wọ́n bí sí Òṣogbo, ibo la ti fẹ́ rí ìgbòkun? Kò sí ọkọ̀ onígbòkun tó ń gba orí odò Ọ̀ṣun kọjá. Èmi tí mò ń pariwo yìí náà, mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo wọ ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó, láti èbúté dé èbúté ni mo di àga mú, tí ọmọ kékeré kan sì ń wò mí tàánútàánú. Ìyàwó mi a máa sọ ọ́ fún àlejò pé ọkọ òun mọ orúkọ gbogbo okùn inú ọkọ̀ òkun, àmọ́ okùn jẹnẹrétọ̀ ò ṣeé fà fún un.

Mi ò ní jókòó ṣàlàyé ohun tí ìgbòkun, òpó ọkọ̀ àti ìdákọ̀ró jẹ́. Ẹni tí kò bá tíì mọ ìyẹn, kó fi owó sítúdíò pamọ́ ná.

Àkọ́kọ́: gbígba ìtàn tí wọ́n fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ tò jọ. Posh, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ohun àwọn olówó, ni baba wọn. Wọ́n á ní àwọn olówó tó ń bá ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ P&O lọ sí Íńdíà máa ń gba yàrá apá òsì ọkọ̀ ní àlọ, wọ́n á gba ti apá ọ̀tún ní àbọ̀, kí oòrùn má baà pa wọ́n, pé "port out, starboard home" ni wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì wọn, lẹ́tà mẹ́rin ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ló di posh. Ìtàn náà dùn létí. Àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó ní irú àkọlé bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì rí i. SOS, àmì tí ọkọ̀ tó wà nínú ewu fi ń pe ìrànlọ́wọ́, òun náà ńkọ́? Jámánì ló kọ́kọ́ fi í sínú òfin rédíò wọn ní 1905, àpérò tí wọ́n ṣe ní Berlin ní 1906 sì gbà á fún gbogbo ọkọ̀, nítorí pé ó rọrùn láti tẹ̀, ó sì ṣòro láti ṣì gbọ́: kúkúrú mẹ́ta, gígùn mẹ́ta, kúkúrú mẹ́ta. "Save our souls" tí ẹ ń fi ohùn ẹkún kà yẹn, ẹ̀yìn ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ti ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ kan tí wọ́n ní ó wá láti ara àpótí ajílẹ̀ nínú ọkọ̀, mi ò ní dá a lóhùn.

Kí ọ̀rúndún 20 tó dé, fífi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an. Tí ẹnìkan bá wá ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá ọ̀rọ̀ tó ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ di àpò yín mú.

Ìkejì: gígé ọ̀rọ̀ sí méjì kí ẹ tó mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Starboard ló ń mú wọn jù. Star ni ìràwọ̀, board ni pákó, ó parí: ẹ̀gbẹ́ tí atukọ̀ ń dúró sí láti wo ìràwọ̀ lálẹ́ ni! Mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò pẹ̀lú orin lẹ́yìn ẹ̀. Kò sí ìràwọ̀ kankan níbẹ̀. Stēorbord ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń pè é. Stēor ni títọ́ ọkọ̀, bord ni ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìtọ́kọ̀ sí àárín ìdí ọkọ̀, àjẹ̀ ńlá kan tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lápá ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń darí ẹ̀, torí ọwọ́ ọ̀tún ló le lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọkọ̀ Gokstad tí wọ́n hú jáde nílẹ̀ ní Norway ní 1880, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún náà ni àjẹ̀ ìdarí tiẹ̀ wà.

Torí kí àjẹ̀ yẹn má baà fọ́ mọ́ ara èbúté ni wọ́n ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ òsì kàn án, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó ẹrù wọlé. Larboard ni orúkọ ẹ̀gbẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ wá fojú inú wò ó: ìjì ń jà, ọ̀gá ọkọ̀ pariwo larboard, ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú gbọ́ starboard. Ní 1844, àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé port ni kí wọ́n máa wí. Amẹ́ríkà pa irú àṣẹ kan náà ní 1846.

Àwọn tó mọ gbogbo èyí tún wà tí wọ́n á tú u sí "ọwọ́ ọ̀tún" lásán. Rárá o. Ṣé Ọ̀tún ọba á wá di Òsì torí pé àlejò kọjú sí ọba? Ọ̀tún ọkọ̀ ni starboard, kì í ṣe ọ̀tún tiyín. Ẹ kọjú sí ìdí ọkọ̀, ó ti bọ́ sí ọwọ́ òsì yín nìyẹn, orúkọ ẹ̀ ò sì yí padà. "Ọ̀tún ọkọ̀" ni kí ẹ pè é. Iná aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń tàn sí i lálẹ́, pupa ni ti port. Ayàwòrán yín gbọ́dọ̀ mọ ìyẹn.

Ìkẹta ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ gbogbo èyí.

Ọmọkùnrin kan wà tó ń gbé lápá Òkè-Fíà, ọmọ tí orí ẹ̀ pé, mo fẹ́ràn ẹ̀. Ó mú fídíò kan wá. Three sheets to the wind ni ọ̀rọ̀ tó fẹ́ túmọ̀, èyí tí wọ́n ń lò fún ẹni tó ti mu àmupara. Àwòrán tó kọ́kọ́ jáde, ọkọ̀ òkun olópòó mẹ́ta ni, wọ́n sì ta bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì mẹ́ta sórí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì o, olódòdó, irú èyí tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀bùn ìyàwó. Ayàwòrán náà sì mọ iṣẹ́ ẹ̀ níṣẹ́: ó yà ojú abẹ́rẹ́ sí etí aṣọ, ó yà ibi tó ti fẹ́ máa gbó. Ọmọbìnrin olóhùn iyọ̀ kan wá ń sọ lábẹ́ ẹ̀ pé tí aṣọ mẹ́ta bá ti gba afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ á máa sáré kọjá agbára ẹ̀ bí ẹni tó mutí. Mo bi í pé èló ló ná an. Ó dárúkọ owó tí mi ò fẹ́ tún sọ. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun san owó àwòrán, torí pé aṣọ méjì ni ayàwòrán kọ́kọ́ yà, òun sì ní kó lọ fi ìkẹta kún un.

Mi ò bá a jà. Mo ní kó sìn mí dé Ọjà Ọba, mo ti fẹ́ ra ata tẹ́lẹ̀. Ojú ọjọ́ ṣú, afẹ́fẹ́ òjò ti ń gbé ọ̀rá kiri. Ìyá aláta kan wà níbẹ̀ tó ta tapólì búlúù sórí igi mẹ́rin, tó fi okùn so igun kọ̀ọ̀kan. Okùn igun kan tú. Kíá ni tapólì bẹ̀rẹ̀ sí í na ara ẹ̀ fàà-fàà, igi tó gbé e dúró ń mì síwá sẹ́yìn, abọ́ tàtàṣé fẹ́ dànù. Ìyá náà ò tilẹ̀ wo tapólì. Ó ké sí ọmọ ẹ̀, "Di okùn yẹn mú!" Ọmọ náà fò mọ́ okùn, ó fi gbogbo ara fà á wálẹ̀, ó wé e mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Tapólì le padà, ariwo dákẹ́, igi dúró. Mo wá bi ọmọ Òkè-Fíà mi pé nínú ohun tó rí yìí, èwo ni sheet? Ó nawọ́ sí tapólì. Díẹ̀ ló kù kí n bú sẹ́kún láàárín ọjà.

Okùn ni sheet. Okùn! Aṣọ kọ́, ìgbòkun kọ́. Okùn tí wọ́n so mọ́ igun ìsàlẹ̀ ìgbòkun ni, òun ni atukọ̀ ń fà tàbí kó tú díẹ̀díẹ̀ kí ìgbòkun lè gba afẹ́fẹ́ bó ṣe fẹ́ kó gbà á. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, scēata ni igun ìsàlẹ̀ ìgbòkun, scēatlīne sì ni okùn tó wà lára ẹ̀. Nígbà tó yá okùn náà jogún orúkọ igun. Sheet tí à ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀dọ̀ scīete ló ti wá. Ẹbí ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹnìkan náà. Nínú ọkọ̀, iṣẹ́ tí okùn bá ń ṣe ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Èyí tó ń gbé ìgbòkun gòkè ni halyard. Èyí tó di òpó mú láti ẹ̀gbẹ́ ni shroud, èyí tó di í mú láti iwájú tàbí ẹ̀yìn ni stay. Ẹni tó bá pe halyard ní sheet níbi iṣẹ́, wọ́n á bú u.

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ má baà ní èmi ni mo hùmọ̀ ẹ̀. William Falconer, ọmọ Scotland, atukọ̀ gan-an, ló ṣe ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun jáde ní 1769, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé okùn igun ìsàlẹ̀ ìgbòkun ni sheet. Ọdún yẹn kan náà ló bá ọkọ̀ Aurora lọ. Ọkọ̀ náà kúrò ní Cape Town, a ò sì gbúròó ẹ̀ mọ́. Ẹni tó mọ okùn tó bẹ́ẹ̀ bá òkun lọ, ẹ̀yin wá jókòó sí Òṣogbo, ẹ ń bá a jiyàn.

Nígbà tí ẹ bá ti mọ̀ pé okùn ni, ìtàn tó kù á tò fúnra ẹ̀. Sheet tó wà "in the wind" ni okùn tó ti já tàbí tó ti tú, tó ń fò kiri nínú afẹ́fẹ́. Ìgbòkun tó ni ín ò lè di afẹ́fẹ́ mú mọ́, á kàn máa na ara ẹ̀ lásán. Ọ̀kan tú, ọkọ̀ ṣì lè fara dà á. Kí mẹ́ta tú lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́n, á yà sọ́tùn-ún, á yà sósì, kò ní gbọ́ràn sí ìtọ́kọ̀ lẹ́nu. Ìrìn ọ̀mùtí gan-an nìyẹn. Nítorí náà ẹni tó ní ọkọ̀ ń sáré kọjá agbára ẹ̀ ti yí ìtàn náà dojú délẹ̀: agbára ni ọkọ̀ náà pàdánù.

Wọ́n á bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ta. Ìgbòkun onígun mẹ́rin kan, sheet méjì ló ní, ọ̀kan ní igun ìsàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ kékeré òde òní tó ní ìgbòkun ńlá kan àti ti iwájú kan, sheet mẹ́ta ló ń ní lápapọ̀, ibẹ̀ ni àwọn kan ti mú àlàyé wọn wá. Ẹ má tẹ̀lé wọn jìnnà. Àwọn atukọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ìwọ̀n ọtí ni: ẹni tí ọtí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun orí ẹ̀, sheet kan ló tú lára ẹ̀, ẹni tó ti dé mẹ́ta, ẹ lọ bá a wá ẹní. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19 la ti ń rí i nínú ìwé, "in the wind" ló sì wà níbẹ̀ nígbà yẹn. "To the wind" tí gbogbo ayé ń wí báyìí, àbúrò ẹ̀ ni. Ìtàn kan tún wà tó ní ẹ̀rọ ìlọ̀kà tí afẹ́fẹ́ ń yí ló bí ọ̀rọ̀ náà, pé tí wọ́n bá ta aṣọ sí apá mẹ́ta dípò mẹ́rin, ẹ̀rọ á máa gbọ̀n. Bóyá á gbọ̀n lóòótọ́. Àmọ́ aṣọ ló tún fi sheet pè, ibi tí mo ti dẹ́kun gbígbọ́ nìyẹn.

Kò sì yani lẹ́nu pé atukọ̀ ló fi ọkọ̀ ṣe òdiwọ̀n ọtí. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bu ọtí rum fún wọn lójoojúmọ́ nínú ọkọ̀ ogun. Ní 1740, ọ̀gá wọn kan, Edward Vernon, rí i pé yíyó wọn ti pọ̀ jù, ó pàṣẹ kí wọ́n máa fi omi là á. Aṣọ grogram ni Vernon máa ń wọ̀, Old Grog ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ń pè é lẹ́yìn, ni wọ́n bá fi orúkọ náà sọ ọtí olómi yẹn ní grog. Wọn ò dá ọtí ọ̀fẹ́ yìí dúró títí di ọjọ́ 31 oṣù Keje, 1970. Èyí gan-an tó jẹ́ òótọ́, tó ní orúkọ, tó ní ọdún, kò sẹ́ni tó ń ṣe fídíò ẹ̀ fún mi wò.

Tí ẹ bá wá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá, ẹ má gbé aṣọ mẹ́ta tàbí okùn mẹ́ta wọlé fún wa. Ọtí ti pa á. Ó ti mu àmupara. Ẹ sọ ìyẹn, lẹ́yìn náà ẹ wá ṣàlàyé okùn fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́.

Ìkẹrin: "knots per hour." Knot, tí wọ́n fi ń wọn eré ọkọ̀, ti ní wákàtí nínú tẹ́lẹ̀, ẹ yé fi òmíràn kún un.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bèèrè, nítorí náà: pákó kan ni wọ́n ń jù sómi láti ìdí ọkọ̀, log ni wọ́n ń pè é, okùn gígùn tí wọ́n ta kókó sí wà lára ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń lọ, okùn á máa tú jáde lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú, á máa ka kókó tó ń gba àárín ìka ẹ̀ kọjá títí yanrìn inú ìgò á fi dà tán. Ìgò ìṣẹ́jú àáyá 28, ẹsẹ̀ bàtà 47 àti íǹṣì 3 láàárín kókó sí kókó: kókó mélòó tó kà ni máìlì òkun mélòó tí ọkọ̀ ń rìn ní wákàtí kan. Mítà 1,852 ni máìlì òkun. Ìwé tí wọ́n ń kọ iye náà sí ló di log-book, èyí tí awakọ̀ ọ́fíìsì yín ń buwọ́ lù láàárọ̀.

Rírà PDF. Mo ti rí èyí tí wọ́n pè ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọ̀rọ̀ òkun àti ìtàn wọn, tí wọ́n ń tà lórí WhatsApp, tí ẹni méjì sì rà lọ́wọ́ ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun kan náà ni, títí dé orí ibi tí wọ́n ti kọ Viking ní Vikking. Ìwé Falconer tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ó ti ju ọdún 250 lọ, kò sẹ́ni tó máa gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ohun tó máa ná yín ni dátà àti sùúrù láti máa ka s gígùn ti ìwé àtijọ́ tó jọ f.

Àìwo ọdún náà burú. Between the devil and the deep blue sea, tí wọ́n ń sọ nípa ẹni tó há sáàárín ewu méjì, wọ́n á ní devil ni ojú ìpàdé pákó tó gùn jù lára ọkọ̀, pé atukọ̀ tó ń fi ọ̀dà dí i wà láàárín òun àti omi. Ó ṣeé gbọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà, láìsí blue nínú ẹ̀, ti wà nínú ìwé láti 1637, kó tó di pé a rí devil tó ń jẹ́ ojú ìpàdé pákó nínú ìwé kankan. Ọmọ ò lè ṣáájú ìyá ẹ̀ wáyé. Èṣù lásán ni wọ́n ń sọ.

Ẹ̀wẹ̀, àwọn kan ti wá bẹ̀rù ìtàn èké débi pé wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ òkun gidi sílẹ̀ torí pé kò ní òórùn iyọ̀. Mo sọ fún ẹnìkan pé by and large ti orí omi wá, ó rẹ́rìn-ín mi. Ọkọ̀ tó ń sún mọ́ ọ̀gangan ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, "by the wind" ni wọ́n ń pe ìrìn ẹ̀. Ìrìn tó nira ni, ìgbòkun á le kankan, ọkọ̀ á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí afẹ́fẹ́ bá ń ti ẹ̀yìn bọ̀, "large" nìyẹn, gbogbo ara á dẹ̀. Ọkọ̀ tó dára by and large ni èyí tó mọ méjèèjì rìn. Láti ọ̀rúndún 17 ni àwọn atukọ̀ ti ń so méjèèjì pọ̀, ìgbà tó yá ni àwọn ará ilẹ̀ gbà á, tó di "ní gbogbogbòò". Aloof náà bẹ́ẹ̀: luff ni yíyí iwájú ọkọ̀ sí afẹ́fẹ́ kí ó lè jìnnà sí etíkun tí afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé e kọlù. Ẹni tó ń ya ara ẹ̀ sọ́tọ̀ láàárín àwùjọ lónìí, ọkọ̀ tó ń sá fún àpáta ni lánàá.

Fathom, tí ẹ ń fi mítà 1.8288 túmọ̀, tó sì tán síbẹ̀. Ara èèyàn ni ìwọ̀n náà! Ẹ na apá yín méjèèjì, láti orí ìka ọ̀tún dé orí ìka òsì ni fathom, wọ́n sì wá sọ ọ́ di ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà géérégé. Atukọ̀ á ju òjé sómi, á máa fa okùn ẹ̀ padà, á máa nà án láti apá dé apá, á máa kà. Gbogbo ẹni tó bá ti ka Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 27 mọ ibi tí wọ́n ti ṣe é: ọkọ̀ tó gbé Pọ́ọ̀lù lọ sí Róòmù, lóru, wọ́n wọn omi, ó jẹ́ ogún, wọ́n sún síwájú díẹ̀, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n ju ìdákọ̀ró mẹ́rin sílẹ̀ láti ìdí ọkọ̀. Orguia ló wà níbẹ̀ lédè Gíríìkì, apá méjì tí a nà lòun náà. Lórí odò Mississippi, ẹni tó ń wọn omi á ké "mark twain" tó bá kan méjì, ẹsẹ̀ bàtà 12, omi tí ọkọ̀ tó ń lo agbára oru omi gbígbóná ò ní fìdí kanlẹ̀ nínú ẹ̀. Samuel Clemens, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà tó ti tu ọkọ̀ níbẹ̀, sọ ọ́ di orúkọ ara ẹ̀ ní 1863. Ẹ rí bí ìtàn tó wà nínú ọ̀rọ̀ kan ti pọ̀ tó, láìsan kọ́bọ̀ fún ayàwòrán. Ẹni kan tó na apá níwájú kámẹ́rà ti tó.

Mayday, ìpè ìrànlọ́wọ́ orí rédíò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbòkun. Pápákọ̀ òfurufú Croydon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, Frederick Mockford tó ń ṣọ́ rédíò níbẹ̀ ló mú un wá láti inú m'aider ti àwọn Faransé, ìyẹn "ràn mí lọ́wọ́".

Brass monkey, tí wọ́n fi ń sọ bí òtútù ṣe mú tó: wọn kì í to ọta ìbọn ńlá jọ sórí àwo idẹ nínú ọkọ̀. Pákó ni wọ́n ń gbẹ́ ihò sí fún un. Ẹ fi ọ̀bọ yẹn sílẹ̀.

Under way ni wọ́n ń pe ọkọ̀ tó ti gbéra, kì í ṣe "under weigh".

Yíya fídíò òkun ní odò Ọ̀ṣun. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹ gba ọkọ̀ dé ibẹ̀, ẹ háyà kámẹ́rà, ẹ wọ fìlà ọ̀gá ọkọ̀ òkun, igi ìrókò àti àràbà dúró lẹ́yìn yín, omi ò ru, ẹ ń sọ̀rọ̀ ìjì Àtìláńtíìkì. Àwọn tó bá mọ Ọ̀ṣun á rẹ́rìn-ín, àwọn tí ò mọ̀ ọ́n á rò pé bẹ́ẹ̀ ni òkun rí. Okùn, abọ́ omi àti tábìlì nínú yàrá yín á ṣiṣẹ́ jù ú lọ. Sheet tí mo fi ń kọ́ ọmọ Òkè-Fíà báyìí, okùn aṣọ sísá ìyàwó mi ni, mo so ó mọ́ igun aṣọ tábìlì, mo tan fáànù sí i. Ìyàwó mi ti ní òun fẹ́ okùn òun padà.

Ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun wo iṣẹ́, kó kọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sórí ìwé, ojú ewé kan ti tó, kó fi ránṣẹ́ kí ayàwòrán tó gbọ́ sí i. Kó kọ ọdún tí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ hàn nínú ìwé sí ìsàlẹ̀, kó kọ iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe nínú ọkọ̀ àti ọwọ́ tó ń dì í mú. Kó má fi ohùn gígùn ránṣẹ́ ní aago méjìlá òru. Ẹni tó bá sì ti san owó àwòrán kó tó rántí mi, kó máa gbé e jáde lọ, kó ṣáà bá mi yọ orúkọ mi kúrò níbi tó ti kọ "a dúpẹ́ lọ́wọ́".